Gbèsè Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ọlọ́pàá: Kóòtù Wà fún Ẹni Tí Wọ́n Jẹ Lówó

Lẹ́tà tó wọlé sí wa lọ́sẹ̀ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè tì sẹ́yìn. Bí mo ṣe kà á tán ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan kọ́, ọ̀rọ̀ gbogbo Abúlé Ẹ̀gbá ni, láti Ilé-Epo títí dé ọjà òkìríkà ní Katangowá.

Wẹ́dà kan ló kọ ọ́. Àdúgbò Ẹ̀kọrọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun, mi ò sì ní dá a. Ẹ gbọ́ ohun tó wí:

"Bọ̀dá kan tó ń kọ́lé tà gbé géètì méjì àti bọ́gúlárì fèrèsé mọ́kànlá fún mi ṣe. ₦1,850,000 la jọ fẹnu kò sí. Ó fún mi ní ₦700,000 kí n fi ra irin. Mo ṣiṣẹ́ náà tán, mo gbé e lọ, mo bá a fi kọ́. Ó ku ₦1,150,000. Ó ní kí n wá lọ́la, mo lọ. Ó ní kí n wá lọ́túnla, mo lọ. Nígbà tó yá, ó já sọ̀wédowó fún mi, báǹkì dá a padà pé kò sówó nídìí ẹ̀. Ni mo bá gba tésàn lọ. Mo san owó bírò, mo san owó epo mọ́tò, gbogbo ẹ̀ wọ ₦45,000. Wọ́n mú bọ̀dá, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú, lọ́yà ẹ̀ dé láàárọ̀, wọ́n jọ lọ. Ní báyìí, lọ́yà ọ̀hún ti kọ̀wé sí mi pé àwọn máa pè mí lẹ́jọ́, pé mo fi ọlọ́pàá mú ènìyàn nítorí gbèsè. Bọ̀dá náà tún ní òun kọ́ ló jẹ mí lówó, kọ́ńpínì ni. Mo ti ta jẹnẹrétọ̀ mi. Ọmọ mi obìnrin ò tíì san owó ìdánwò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo tún wá jẹ̀bi ni?"

Mo ka lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè ìparí yẹn ló ká mi lára jù. Èèyàn ṣiṣẹ́, kò rówó gbà, ó tún wá ń bi ará ìta bóyá òun ló jẹ̀bi.

Èmi ò kàwé òfin. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà dé, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo wọ dáńfó, ó di Ikẹjà, mo lọ bá àwọn lọ́yà kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ òwò nìkan ni tiwọn: kọ́ńpínì, gbèsè, àdéhùn, owó-orí. Wọn kì í ṣẹjọ́ olè, wọn kì í ṣẹjọ́ ìyàwó. Ìyáàfin lọ́yà tó dá mi lóhùn kọ́kọ́ bi mí bóyá mo mú owó ìbéèrè wá. Mo ní oníwèé ìròyìn ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, kí n jókòó, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ ọ́fíìsì àwọn, nítorí òfin iṣẹ́ wọn ò fẹ́ kí lọ́yà máa polówó ara rẹ̀ bí ẹni polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí.

Mo ka lẹ́tà wẹ́dà sí i létí. Ó ní ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wẹ́dà sì ti dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn bí ìyẹ̀fun àti iyanrìn. Ṣé ọlọ́pàá ló yẹ kó lọ bá? Ta gan-an ló jẹ ẹ́ lówó? Níbo ló ti máa gbà á?

TI ỌLỌ́PÀÁ

Ó ní Òfin Ọlọ́pàá tuntun tí wọ́n ṣe ní ọdún 2020 sọ ọ́ kedere ní abala 32 pé wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ẹni méjì tí kì í ṣe ọ̀ràn ìjọba. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ní 2015 náà ti sọ ohun kan náà ṣáájú. Kódà EFCC tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ fún wọn ní 2018, nínú ẹjọ́ Diamond Bank àti Opara, pé agbowó gbèsè kọ́ ni wọ́n, kí wọ́n yéé dá sí ọ̀rọ̀ oníbàárà àti báǹkì rẹ̀.

Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè kàn máa dákẹ́ ni?" Ó ní kí n fara balẹ̀, pé ọ̀rọ̀ wẹ́dà yìí ní ẹ̀ka kejì, ẹ̀ka náà sì ni sọ̀wédowó.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí wọ́n máa ń já sọ̀wédowó fún. Láti 1977 ni òfin kan ti wà lórí sọ̀wédowó òfo. Ẹni tó bá já a fún ọ láti fi san gbèsè, tí o gbé e lọ sí báǹkì kí oṣù mẹ́ta tó pé sí déètì tó wà lórí rẹ̀, tí báǹkì dá a padà torí pé owó ò tó, ọ̀ràn ni onítọ̀hún dá. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni, kò sì sí owó ìtanràn tó lè fi rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ́ńpínì ló já a, owó ìtanràn ni ti kọ́ńpínì, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó mọ̀ sí i nínú wọn náà máa jẹ́jọ́. Onítọ̀hún lè gbèjà ara rẹ̀ o, bó bá lè fi hàn pé òun ní ìdí tó gúnmọ́ tí òun fi gbà pé owó máa wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí wẹ́dà sọ ní tésàn ló máa pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa já sí. Ẹni tó lọ sọ òótọ́ fún ọlọ́pàá pé, "Wọ́n já sọ̀wédowó òfo fún mi, òun rèé, ìwé tí báǹkì fi dá a padà rèé," ó ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Ẹni tó lọ ní, "Ẹ bá mi gba owó mi lọ́wọ́ Lágbájá," ẹsẹ̀ tiẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fi fóònù pe wẹ́dà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ kọ sínú sítétímẹ́ǹtì?" Ó ronú títí. Ó ní sọ̀wédowó lòun kọ́kọ́ dárúkọ, òun sì fún wọn ní fọ́tò rẹ̀. Èmi àti lọ́yà jọ mí kanlẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ o: bí ìjọba bá tiẹ̀ ju onígbèsè sẹ́wọ̀n nítorí sọ̀wédowó, ìyẹn ò ní kó owó wá sọ́wọ́ yín. Ọ̀tọ̀ ni ìyà ọ̀daràn, ọ̀tọ̀ ni gbèsè.

Ó mú mi rántí bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é. Láyé àtijọ́, ológò ni wọ́n máa ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Á lọ dógò ti onígbèsè nílé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, á ní kí wọ́n gbóúnjẹ wá, bí adìẹ bá fẹ́ kọjá á kì í mọ́lẹ̀, títí ojú á fi ti gbogbo agboolé tí wọ́n á fi dá owó jọ. Àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ ńkọ́? Ṣebí òṣó tí wọ́n ń ló sẹ́nu ọ̀nà kọ́sítọ́mà ló sọ wọ́n di Òṣómàáló. Mo sọ èyí fún lọ́yà, ó ní kí n kìlọ̀ fún yín pé ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò lónìí, tó gba fóònù onígbèsè tàbí tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, òun gan-an ni wọ́n máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mo ti jíṣẹ́.

TA LÓ JẸ Ọ́ LÓWÓ GAN-AN?

Ibí yìí ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jù. Nígbà tí bọ̀dá wí pé "èmi kọ́, kọ́ńpínì ni," inú bí mi, mo rò pé ọgbọ́n èwe ni. Lọ́yà ní rárá, ó lè jẹ́ òótọ́. Ó wá pìtàn kan fún mi.

Ọkùnrin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù láyé Ọbabìnrin Fíkítóríà, Aron Salomon lorúkọ rẹ̀. Ẹni yín ni, oníṣòwò awọ ni, bàtà ló ń ṣe ní àdúgbò kan tó ń jẹ́ Whitechapel. Ní 1892 ó sọ iṣẹ́ bàtà rẹ̀ di kọ́ńpínì. Òfin ayé ìgbà náà ní ó di ènìyàn méje kí kọ́ńpínì tó lè dúró. Ni Salomon bá kó ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kan àti àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin jọ, òun ṣìkeje. Ìyàwó àtàwọn ọmọ mú ṣíà ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òun nìkan kó 20,001. Kò pẹ́ tí òwò náà fi dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tó tajà fún wọn láwìn ní Salomon ni kó san, nítorí ta ni ò mọ̀ pé òun ni kọ́ńpínì, kọ́ńpínì sì ni òun? Kóòtù àkọ́kọ́ gbà fún wọn, èkejì náà gbà. Ṣùgbọ́n ní 1896, àwọn adájọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba yí i padà. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí kọ́ńpínì ti gba ìwé rẹ̀, ó ti di ẹ̀dá ọ̀tọ̀. Kọ́ńpínì ló jẹ gbèsè, Salomon kọ́. Àwọn tó tajà láwìn ò rí kọ́bọ̀ gbà.

Ìdájọ́ yẹn ni Nàìjíríà ń tẹ̀ lé títí dòní. Nígbà tí òfin kọ́ńpínì ti 1990 ṣì wà, ó kéré tán ẹni méjì ní láti wà kí wọ́n tó dá kọ́ńpínì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA, ní ènìyàn kan ṣoṣo ti tó. Èyí dára fún yín, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ gba kọ́ńtíráàtì ńlá, nítorí ẹ ò nílò láti máa wá àbúrò ìyàwó tó máa bá yín fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé bọ̀dá tí ẹ jọ ń jẹ ẹ̀bà ní bùkà, tó ń wọ sálúbàtà kiri, lè jẹ́ "Limited" tí ẹ ò mọ̀. Bí ẹ bá tajà fún "Limited," tí "Limited" sì kú, mọ́tò bọ̀dá ṣì wà, ilé rẹ̀ ṣì wà, ẹ ò sì lè fọwọ́ kàn án. Bí jìbìtì bá hàn gbangba nídìí ẹ̀, kóòtù lè ká aṣọ lójú kọ́ńpínì kó sì mú ẹni tó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ gígùn nìyẹn, owó ẹ̀ ò sì kéré.

Orúkọ òwò lásán yàtọ̀ síyẹn. Ẹni tó kàn forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀, tí kò sọ ọ́ di kọ́ńpínì, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ gbogbo gbèsè òwò náà. Nítorí náà ẹ máa wo ìdí orúkọ. Bí ẹ bá rí "Limited" tàbí "Ltd" lórí risíìtì tàbí lórí sọ̀wédowó, ẹ mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ṣòwò. Àjọ CAC tó ń forúkọ kọ́ńpínì sílẹ̀ ní ibi tí èèyàn lè wá orúkọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n wá, ọmọ yín tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì á bá yín wá a láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bí iṣẹ́ bá tóbi, ọ̀nà kan wà tí lọ́yà ní òun máa ń gba àwọn oníbàárà òun níyànjú lé lórí, Yorùbá sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: onídùúró. Kí ọ̀gá kọ́ńpínì kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i ní orúkọ ara rẹ̀, pé bí kọ́ńpínì ò bá san, òun máa san. Ẹni tó ní owó lọ́kàn láti san ò ní bínú sí ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bínú, ẹ ti rí ìdáhùn.

Wẹ́dà ní risíìtì ₦700,000 àkọ́kọ́ àti sọ̀wédowó, orúkọ kọ́ńpínì ló wà lórí méjèèjì. Nítorí náà kọ́ńpínì ló máa pè lẹ́jọ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. A dúpẹ́ pé kọ́ńpínì náà ò tíì kú, ó ṣì ń kọ́lé.

KÓÒTÙ OWÓ KÉKERÉ

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, nígbà tí Adájọ́ Ọpẹ́yẹmí Òkè jẹ́ Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n dá kóòtù kan sílẹ̀ lábẹ́ àwọn májísíréètì, Small Claims Court. Owó tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, kó sì jẹ́ owó tó ní iye pàtó: owó ọjà, owó iṣẹ́, owó tí ẹ yá ènìyàn. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan bú yín lójú ọjà tí ẹ fẹ́ gba owó ìtìjú, ẹ má gbé e lọ síbẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé kò di dandan kí ẹ gba lọ́yà. Ìyáàfin lọ́yà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, èyí tó fi hàn pé ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ lè dúró fúnra yín kí ẹ rojọ́. Bí òwò yín ò bá sì ní ìwé CAC, tó jẹ́ pé lára bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù nìkan lorúkọ rẹ̀ wà, orúkọ ara yín gan-an ni kí ẹ fi pè é, kì í ṣe orúkọ bọ́ọ̀dù.

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Ìwé ni ẹ máa kọ́kọ́ kọ sí onígbèsè láti bèèrè owó yín. Kóòtù ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀ fún un, SCA 1. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ṣe èyí, wọn ò ní gba ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ má kọ èébú sínú rẹ̀, ẹ má gégùn-ún. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe, ọjọ́ tí ẹ ṣe é, iye tí wọ́n ti san, iye tó kù, ó tán. Ẹ wá ẹ̀rí pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó bá fi ẹnu họ ìmú, ẹ lọ sọ́dọ̀ àkọ̀wé kóòtù, ẹ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn, ẹ kún un, ẹ san owó rẹ̀. Kóòtù fúnra rẹ̀ ló máa fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́. Ọjọ́ méje ni onígbèsè ní láti fèsì. Bí ẹ bá déwájú májísíréètì, ó máa kọ́kọ́ gbìyànjú kó parí rẹ̀ láàárín yín nítùnbí-ìnùbí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lo ju ọjọ́ méje lọ lórí ìyẹn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ó bọ́ sórí ẹjọ́. Láti ọjọ́ tí ẹ gbé ìwé sílẹ̀ títí di ọjọ́ ìdájọ́, ìlànà náà ní kò gbọdọ̀ ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń yínmú. Ọgọ́ta ọjọ́ ni ti orí ìwé. Ẹni tó ti dé kóòtù rí mọ̀ pé májísíréètì lè ṣàìsàn, onígbèsè lè sá fún ìwé. Mo bi lọ́yà. Ó ní òótọ́ ni, àwọn kan máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí n fi wé ẹjọ́ gbèsè ní kóòtù gíga, níbi tí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ti lè wọ ilé ẹ̀kọ́ kó tó parí.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tó ń tajà fún àwọn ará Sángo àti Ọ̀tà. Kóòtù Èkó ni èyí, ibẹ̀ sì ti di Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí onígbèsè bá ń gbé lọ́hùn-ún, tó sì ń ṣòwò lọ́hùn-ún, ẹ kọ́kọ́ bi àkọ̀wé kóòtù kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kóòtù rárá, ibùdó ìlàjà Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre ti wà láti 1999. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á pe ẹni méjèèjì, wọ́n á jókòó, wọ́n á jọ sọ ọ́. Ó dára púpọ̀ fún ẹni tí ẹ ṣì fẹ́ máa bá ṣòwò lọ.

TI ÌWÉ ŃKỌ́?

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, bí ẹ ò bá ní ìwé, òfìfo ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi, wọ́n ti fún mi láyè.

Ìyá mi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ìyá olóúnjẹ kan wà tó máa ń rà á láwìn. Ìyá mi ní ìwé máa ń sọnù, nítorí náà ẹ̀fun ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù: igi kan, báàgì kan. Ó dé ₦86,000. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kérésì, onílé ní kí wọ́n kun gbogbo ilé. Ìyá mi dé láàárọ̀, ògiri ti funfun báláú. Wọ́n lọ bá ìyá olóúnjẹ, ìyẹn ní ₦20,000 lòun mọ̀. Wọ́n búra títí, ojú ọjà gbóná. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, ₦20,000 ni ìyá mi gbà. Mo wà ní ìwé kẹta nígbà náà, mo sì rántí oúnjẹ tí a jẹ lálẹ́ ọjọ́ Kérésì yẹn.

Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ìwé ti tó. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ọjà, ẹ kọ iye, kí onígbèsè fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka. Ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp náà, ẹ má pa á rẹ́. Òfin ẹ̀rí ti 2011, tí wọ́n tún ṣe àtúnṣe sí ní 2023, gba irú rẹ̀ ní kóòtù bí ẹ bá tẹ̀ lé ìlànà tó wà fún un. Kódà ohùn tó fi ránṣẹ́ pé "Ìyá, ẹ ní sùúrù, mo máa san owó yín," ìwúlò rẹ̀ ju ìbúra ogún lọ.

Ìyá kan ní Òkè-Odò sọ fún mi pé òun ò lè kọ nǹkan sílẹ̀, kí àwọn onówó-orí má baà rí i. Màmá, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Tinúbú bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, tí wọ́n dá ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026 fún pé kó bẹ̀rẹ̀, ní ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí ènìyàn san owó-orí lé lórí lọ́dún, òdo ni owó-orí rẹ̀. Ìwé tí ẹ bá kọ ló máa fi hàn pé èrè yín ò tó nǹkan. Ẹni tí kò ní ìwé, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa gbé lé e lórí.

Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù. Gbèsè ọjà tàbí ti iṣẹ́, ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, onígbèsè lè kàn dìde ní kóòtù kó ní ó ti pẹ́ jù, kí wọ́n sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n bó bá san díẹ̀ níbẹ̀, tàbí tó fọwọ́ síwèé pé òótọ́ lòun jẹ ẹ́, ọdún mẹ́fà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ti wẹ́dà wa. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, èmi àti òun jókòó sórí páìpù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a kọ ìwé náà. Kò ju ìlà mẹ́jọ lọ. Ó mú un lọ sí ọ́fíìsì kọ́ńpínì. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ gbà á, ó kọ̀ kò fọwọ́ sí i, ni wẹ́dà bá fi ẹ̀dà kejì rán àwọn tó ń fi mọ́tò gbéwèé kiri, àwọn yẹn sì fún un ní risíìtì. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, bọ̀dá pè é. Wẹ́dà ní láti oṣù mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bọ̀dá máa kọ́kọ́ pe òun. Kò dárúkọ ẹjọ́ tó ní òun fẹ́ pè mọ́. Ó ní òun máa mú ₦300,000 wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Wẹ́dà bi mí bóyá kí òun gbà á. Mo bi lọ́yà. Ó ní kó gbà á, kó kọ risíìtì ẹ̀dà méjì, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé apá kan lára gbèsè ₦1,150,000 ni, pé ó ku ₦850,000, kí bọ̀dá sì fọwọ́ sí i ní orúkọ kọ́ńpínì. Wẹ́dà ti kọ risíìtì náà sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì náà la wà yìí, bí mo ṣe ń kọ ojú ìwé yìí lọ́wọ́. Mo pè é ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní bọ̀dá ò tíì dé. Ó ní fọ́ọ̀mù kóòtù wà lápò òun, òun ti kún un dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè iye owó, òun kàn fi bírò dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀ máa fi ṣú ni.